Láti Ìjẹ̀bú-Òde sí etí òkun: ọ̀nà wo, ọkọ̀ wo?

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé, "Ṣé ọkọ̀ mi á débẹ̀?" Ìdáhùn mi kì í yí padà: á débẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọkọ̀ tí kò lè dé etí òkun láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá dára, tí ẹrù kò sí nínú rẹ̀. Àbọ̀ ni kí ẹ bi mí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń lọ ra ẹja yíyan àti àgbọn láwọn ìletò etí omi, tí mo ń kó wọn wá tà nílé. Gbogbo ibi tí ọ̀nà ti dá mi dúró, àbọ̀ ni. Nígbà tí a ń lọ, ọkọ̀ ṣófo, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, iyanrìn ṣì tutù. Nígbà tí a ń bọ̀, ẹrù ti kún, oòrùn ti fa omi inú iyanrìn gbẹ, tàbí kí òjò ti rọ̀ sórí ilẹ̀ pupa. Ojú ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ táyà ti yàtọ̀. Nítorí náà, bí mo ṣe fẹ́ fi ọ̀nà wé ọ̀nà, tí mo fẹ́ fi ọkọ̀ wé ọkọ̀ yìí, àbọ̀ ni màá fi wọn gbogbo wọn.

Ilẹ̀ pupa àti iyanrìn

Ẹ mọ ilẹ̀ kí ẹ tó yan ọkọ̀. Orí ilẹ̀ pupa àti yangí ni Ìjẹ̀bú-Òde àti àwọn ìlú tó yí i ká wà. Ẹni tó bá ti wo Ẹrẹdò Sùngbọ́ rí, yàrà ńlá tí àwọn baba wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó gùn ju 160 kìlómítà lọ, á mọ bí ilẹ̀ yìí ṣe ń le tó. Láìsí sìmẹ́ńtì, ògiri rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán láwọn ibì kan títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òjò wákàtí kan péré rọ̀ sórí ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí, ojú rẹ̀ á di ọṣẹ. Ọkọ̀ kì í tètè rì níbẹ̀. Yíyọ̀ ló ń yọ̀, ìdí rẹ̀ á máa fẹ́ síwájú orí rẹ̀, ẹ ó sì bá ara yín nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ ọ̀sà, ilẹ̀ á máa funfun díẹ̀díẹ̀. Iyanrìn dé nìyẹn, òdì kejì ilẹ̀ pupa sì ni. Iyanrìn gbígbẹ ló ń gbé ọkọ̀ mì. Bí omi díẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, á dì mọ́ra, ọkọ̀ á sì gbá orí rẹ̀ lọ bí ẹni wà lórí títì. Ohun tó ń ba ilẹ̀ pupa jẹ́ gan-an ló ń tún iyanrìn ṣe. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa sáré níbi tó yẹ kó rọra, á sì máa rọra níbi tó yẹ kó má dúró.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ti wo fídíò àwọn tó ń wakọ̀ la aṣálẹ̀ já sí òkun. Ní Nàmíbíà, ní gúúsù ìlú Walvis Bay, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Sandwich Harbour. Òkìtì iyanrìn aṣálẹ̀ Namib ga bí òkè níbẹ̀, ó sì dà sínú òkun Àtìláńtíìkì tààrà. Nígbà tí omi bá fà, ọkọ̀ á gba àárín òkìtì àti òkun kọjá. Nígbà tí omi bá kún, kò sí ọ̀nà mọ́. Ẹ̀kọ́ gidi wà nínú wíwo irú ìyẹn: bí a ṣe ń dín atẹ́gùn táyà kù, bí a ṣe ń ka omi òkun. Àmọ́ òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ní aṣálẹ̀ yẹn, wọn ò mọ ẹrẹ̀. Ìdajì iṣẹ́ tiwa ni fídíò wọn ń kọ́ yín. Àwa ń ba ẹrẹ̀ àti iyanrìn pàdé nínú ìrìn àjò kan náà, nígbà mìíràn láàárín wákàtí kan síra wọn.

Ọ̀nà mẹ́ta

Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ló rọrùn jù. Ẹ jáde ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ kọjá Mojódà, ẹ já sí Ẹ̀pẹ́, ẹ bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Lẹ́kì, kí ẹ wá yà sí apá òkun ní ìkóríta Ẹlẹ́kọ̀. Ọ̀dà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù sí òkun ni iyanrìn. Ẹ ó sanwó ibodè láàárín Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n fọkanáísà wà lójú ọ̀nà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ẹni tó máa fa yín jáde kò jìnnà. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù. Láti ọdún 2023 tí èbúté Lẹ́kì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí wọ́n sì ṣí ilé ìfọpo Dangote, táńkà àti tírélà ló gba ọ̀nà yẹn kan. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ bọ̀ lálẹ́, ẹ ní sùúrù. Ọ̀nà yìí náà, ní ìdàkejì, ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọlé lóṣù karùn-ún ọdún 1892: wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi dé Ẹ̀pẹ́, wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀, àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú sì dúró dè wọ́n létí odò Yemọ́jì, ní Ìmàgbọn. Mi ò lè gba ibẹ̀ kọjá kí n má rántí wọn.

Ọ̀nà kejì ni ti Waterside, apá Abígí, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Tiwa ni èyí. Ibẹ̀ ni ìpínlẹ̀ Ògùn ti fojú kan òkun ńlá. Oko rọ́bà àti oko ọ̀pẹ ni ẹ ó máa rí, àti ọkọ̀ gẹdú tí táyà rẹ̀ ti gbẹ́ ipa méjì tó jinlẹ̀ sójú ọ̀nà. Ipa yẹn ni ọ̀tá ọkọ̀ kékeré: bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín bá wọnú rẹ̀, ikùn ọkọ̀ á jókòó sórí ilẹ̀ àárín, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wá máa yí lófìfo. Ẹ jẹ́ kí táyà ẹ̀gbẹ́ kan gun ilẹ̀ àárín, kí èkejì gba etí ọ̀nà. Ó gba sùúrù, ṣùgbọ́n òun ló ń gbé ọkọ̀ dé. Bí ẹja àti àgbọn bá ni ẹ ń bá lọ, ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ẹni tó mú ẹja náà lẹ ó bá dúnàádúrà.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbé ọkọ̀ yín sílẹ̀ ní Ìwópin, létí ọ̀sà Lẹ́kì, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka èyí sí ìrìn àjò ọkọ̀ rárá, àṣìṣe ńlá sì ni. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù keje, òun nìkan ni mo máa ń gbà. Ẹ bèèrè fún jákẹ́ẹ̀tì tó ń mú èèyàn léfòó kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan ọkọ̀, kí ẹ má sì gbà kí wọ́n sọ fún yín pé ibẹ̀ ò jìnnà. Tí wọn ò bá ní, ẹ dúró de èyí tó ní.

Ẹ kíyè sí i: àwọn kan máa ń ronú pé tí àwọn bá ti dé etí òkun, àwọn lè máa wakọ̀ lọ sí ìlà oòrùn lórí iyanrìn títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Àgbádárìgì wá dé ọ̀dọ̀ wa, nǹkan bí 200 kìlómítà, iyanrìn ni etíkun. Lẹ́yìn ìyẹn, ní apá Màhìn, ẹrẹ̀ ló gba etí òkun. Iyanrìn á kàn tán lábẹ́ yín ni.

Ọkọ̀ wo?

Ọkọ̀ kékeré bíi Corolla: ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀nà Waterside nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, títí dé ibi tí ilẹ̀ ti funfun, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má wọ iyanrìn pẹ̀lú rẹ̀. Ó fúyẹ́, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ jù. Ẹ gbé e sí àgbàlá ẹni tí ẹ mọ̀, kí ẹ gun ọ̀kadà dé etí omi. Ọ̀kadà ní tirẹ̀ kò lẹ́gbẹ́ lójú ọ̀nà tóóró bí ẹrù yín kò bá ju àpò kan lọ.

Síẹ́nà àti bọ́ọ̀sì kékeré: wọ́n gùn, àárín wọn máa ń kan ilẹ̀ níbi tí ọ̀nà bá ti ga láàárín. Ẹrù tí wọ́n ń gbà ló ń tan èèyàn. Mi ò ní gbà yín níyànjú.

Jíìpù ìlú, èyí tó rí bí ọkọ̀ oko ṣùgbọ́n tí kò ní ọ̀pá gíà kejì tí wọ́n kọ 4L sí, ìyẹn gíà tó ń mú kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọra yí pẹ̀lú agbára. Àwọn kan nínú wọn ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fa ara wọn, àwọn mìíràn kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó gba ohun tí ẹni tó ń tà á bá sọ. Ó dára lórí ilẹ̀ pupa tó tutù díẹ̀. Lórí iyanrìn tó jìn, gíà wọn máa ń gbóná tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó tún gbìyànjú.

Ọkọ̀ tó ní 4L gidi, pikọ́ọ̀pù tàbí jíìpù oko, òun ni mo yàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi yé: kì í ṣe èyí tó tóbi jù, tó sì wọ́n jù. Mo ti rí jíìpù olówó gọbọi tó rì síbi tí pikọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kọjá. Ìdí méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, jíìpù ńlá wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ kí ẹrù tó wọ̀ ọ́. Èkejì ni ríìmù ńlá pẹ̀lú táyà pẹlẹbẹ. Táyà tí ara rẹ̀ kò ga kò ní ibi tí ẹ ti lè tú atẹ́gùn kúrò. Bí ẹ bá tú u, ríìmù á kan ilẹ̀. Bí ẹ bá ń rajà, ẹ wo gíga ara táyà kí ẹ tó wo ijókòó awọ.

Pikọ́ọ̀pù tó jẹ́ ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn nìkan ló ń fà á ní àléébù tirẹ̀: bó bá ṣófo, ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́, á máa jó lórí ilẹ̀ pupa tó tutù. Àpò iyanrìn méjì lẹ́yìn ń ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń lọ.

Díísù ńkọ́? Ó lágbára nísàlẹ̀, èyí tó dára fún iyanrìn. Ṣùgbọ́n bẹtiróòlù ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ń mu, òun ló sì rọrùn láti rí ní ìletò apẹja bí epo bá tán fún yín. Fún ìdí yìí nìkan, bẹtiróòlù ni mo fara mọ́. Gíà aláfọwọ́yí àti èyí tó ń yí fúnra rẹ̀: lórí iyanrìn, èyí tó ń yí fúnra rẹ̀ ló rọrùn fún ẹni tí kò tíì mọwọ́ ilẹ̀, nítorí kíláàṣì kì í jóná mọ́ ọn lọ́wọ́.

Táyà ló ni gbogbo rẹ̀

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti sọ, ẹ má gbàgbé èyí.

Oṣù kẹta ọdún kan, èmi àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ń bọ̀ láti ìletò kan. Àpò àgbọn mẹ́jọ àti apẹ̀rẹ̀ ẹja mẹ́ta ló wà lẹ́yìn. Níbi tí a gbà kọjá láàárọ̀ tí a ò tiẹ̀ mọ̀ pé ibi kankan wà níbẹ̀, ọkọ̀ dẹ̀rọ̀, ó sì dúró. Mo tẹ iná. Mo gbọ́ bí iyanrìn ṣe ń ta abẹ́ ọkọ̀ kọ́ọ́, lẹ́yìn náà òórùn kíláàṣì gbòde, òórùn bí ìwo tó ń jóná. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ìdajì táyà ẹ̀yìn ti wọlẹ̀.

Bàbá kan tó ń tún àwọ̀n ṣe lábẹ́ igi àgbọn rọra dìde wá. Ó wo táyà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. "Ọmọ mi, atẹ́gùn inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Tú u sílẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, a ò ní nǹkan tí a máa fi fẹ́ ẹ padà o."

"Àbí o fẹ́ sùn síbí?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ ìdérí fáàfù, ó fi orí kọ́kọ́rọ́ tẹ ẹnu rẹ̀, atẹ́gùn ń jáde, ó ń kà á lábẹ́ ètè. Táyà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ikùn sí ẹ̀gbẹ́. Ó dúró nígbà tí ikùn náà ti hàn dáadáa, ṣùgbọ́n tí ríìmù ṣì jìnnà sí ilẹ̀. Ó ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ẹ̀. A sọ àpò mẹ́rin kalẹ̀, a fọwọ́ gbẹ́ iyanrìn tó wà níwájú táyà, a tẹ́ imọ̀ àgbọn síbẹ̀. Ó ní kí n má ṣe tẹ iná, kí n kàn jẹ́ kó rìn. Ọkọ̀ jáde bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é rí.

Ohun tó fà á nìyí. Ẹ wo pátákò ẹṣin tí àwọn balógun ń gùn wọ Ojúde Ọba: ó kéré, ó le, ó dára fún ilẹ̀ líle. Ẹ wá wo àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí, bó ṣe rọ̀ tó sì ń fẹ̀ bó bá ti tẹ ilẹ̀. Táyà tó kún fún atẹ́gùn, pátákò ẹṣin ni. Èyí tí ẹ tú díẹ̀, ẹsẹ̀ ràkúnmí ni, ó gùn sórí ilẹ̀, ó pín ẹrù náà káàkiri.

Ní ti nọ́ńbà: bí ẹ bá ń wà á lórí ọ̀dà pẹ̀lú gejì 32 sí 35, ẹ sọ ọ́ dé 18 sí 20 kí ẹ tó wọ iyanrìn. Bí ọkọ̀ bá rì, ẹ lè dé 15, ẹ má lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí táyà lè bọ́ lára ríìmù bí ẹ bá yí ọwọ́ lójijì. Ẹ má sáré ju 30 sí 40 kìlómítà ní wákàtí kan. Kí ẹ tó padà sórí ọ̀dà, ẹ fẹ́ ẹ padà: táyà tó rọ̀ máa ń gbóná bó bá ń sáré, ó sì lè bẹ́. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ táyà láti ara bátìrì ọkọ̀ kò wọ́n ju táyà kan lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ bàbá yẹn, ìgbà kan ò tíì sí tí tèmi kò sí nínú ọkọ̀.

Irú táyà wo? Táyà ẹlẹ́rẹ̀, tó ní eyín ńláńlá, ń ṣe bẹbẹ lórí ilẹ̀ pupa tó tutù, ṣùgbọ́n bó bá yí lófìfo lórí iyanrìn, bí ọkọ́ ló ṣe ń gbẹ́lẹ̀. Táyà títì kì í gbẹ́ iyanrìn, àmọ́ ẹrẹ̀ á kún ojú rẹ̀ lọ́gán. Táyà àárín tí wọ́n kọ A/T sí lára ni kí ẹ rà. Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó ti gbó, tí ara rẹ̀ ti ń sán, ẹ má tú atẹ́gùn rẹ̀ rárá, ibi tó ti sán ni á ti ya.

Ìgbà wo?

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ilẹ̀ pupa le, iyanrìn ló kù tí ẹ ó bá jà. Láti ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti dé títí di oṣù keje, ilẹ̀ pupa ni ìṣòro, iyanrìn á sì rọrùn. Oṣù kẹjọ máa ń ní ìsinmi díẹ̀ kí àrọ̀kúrò tó dé. Ẹni tó bá ní 4L lè lọ nígbàkigbà tí ojú ọ̀run bá mọ́. Ẹni tí kò ní in, ẹ̀ẹ̀rùn ni kó yàn, kó jáde nílé ní aago márùn-ún ìdájí, kó sì ti kúrò lórí iyanrìn kí oòrùn tó gunrí.

Ti omi òkun kò le. Ó máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àkókò rẹ̀ sì ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Bó bá fà ní aago mẹ́jọ òní, ẹ máa retí rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́la. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tó bá kún mọ́jú, omi máa ń wọlé jù. Àwọn apẹja mọ̀ ọ́n sórí, ẹ bi wọ́n. Iyanrìn tó tutù tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ló le jù. Ẹ má ṣe dúró níbi tí ìgbì ṣì ń dé, nítorí ìgbì méjì mẹ́ta tó láti wa iyanrìn kúrò lábẹ́ táyà tó dúró. Ẹ má sì wakọ̀ lórí iyanrìn òkè lálẹ́: ibẹ̀ ni ìjàpá òkun ń wá yé ẹyin sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sá àwọ̀n.

Ohun tí mò ń kó dání

Ṣọ́bìrì, okùn tó lè fa ọkọ̀, gejì táyà, ẹ̀rọ ìfẹ́táyà, omi mímu, àti pákó pẹlẹbẹ kan tí mo máa ń tẹ́ sábẹ́ jáákì. Láìsí pákó yẹn, jáákì á wọ inú iyanrìn lọ, ọkọ̀ á sì wà níbi tó wà. Gàrí náà wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Mo máa ń dá owó ọ̀tọ̀ sí fún àwọn tó bá ràn mí lọ́wọ́, kí n má baà máa dúnàádúrà pẹ̀lú ẹni tó ń gbẹ́ iyanrìn fún mi. Bí mo bá sì délé, mo máa ń fi omi tí kò níyọ̀ fọ abẹ́ ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ọpọ́n bíréèkì àti páìpù epo ni mo ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni iyọ̀ òkun ti ń jẹ irin.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yẹn, a fi táyà rírọ̀ wọ́ ọkọ̀ dé ibi tí ọ̀dà ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba wa tó wákàtí méjì. Fọkanáísà tó wà níbẹ̀ ti ń palẹ̀ mọ́. Ó wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wo iyanrìn funfun tó kún ríìmù, ó sì tún gbé páìpù rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, bàbá aláwọ̀n ló tú u fún yín, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tan ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, níbi tí ẹrù wà.